Ariya Nissan: bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ igi àti fìtílà ilé Japan ya mọ́tò, àti ohun tó dé tí Amẹ́ríkà ò fi rí i rà mọ́

Tẹ́ ẹ bá pe "ariya" sétí ọmọ Yorùbá, ìlù, aṣọ ẹbí àti ìrẹsì ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ohun tó jẹ́ kí etí mi nà nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé Nissan fẹ́ gbé ọkọ̀ kan jáde tó ń jẹ́ Ariya. Orúkọ yẹn kàn bá tiwa ṣe wẹ́kú ni o, ilé Nissan lọ́hùn-ún ni wọ́n ti sọ ọmọ wọn lórúkọ, àmọ́ látọjọ́ náà ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ yìí lẹ́yìn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ dénú. Ní September 2025 ni ìròyìn wá jáde pé Nissan ò ní kó Ariya ti ọdún 2026 lọ tà ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti dá a dúró níbẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń rí àwọn èèyàn tó ń bèèrè pé irú ọkọ̀ wo tiẹ̀ ni, ṣé kò dáa ni, àbí kí ló ṣẹlẹ̀. Ó dáa. Ọkọ̀ náà dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ fún yín.

Ká kọ́kọ́ mú concept car kúrò lọ́nà ná. Ilé iṣẹ́ mọ́tò máa ń ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á gbé e lọ síbi àfihàn ńlá, Tokyo ni o, Geneva ni o, Detroit ni o, gbogbo ayé á wò ó, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè rà á. Wọ́n ń fi í wo ojú èèyàn ni, tá a bá ṣe nǹkan báyìí ṣé ẹ máa gbà á? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rọ́nà jáde rárá, èyí tó bá sì rọ́nà jáde, kí àwọn oníṣirò owó tó fọwọ́ kàn án tán, ilẹ̀kùn ti yí padà, táyà ti kéré, iná tó ń dán ti di iná lásán, ẹ ò ní mọ̀ pé òun náà ni. Crossover ní tiẹ̀, òun ni èyí tí gbogbo wa kàn ń pè ní jíìpù lójú títì. Ó ga nílẹ̀ bíi jíìpù, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, àmọ́ bíi ti mọ́tò kékeré ni wọ́n ṣe mọ ara ẹ̀, kò sí ṣásí irin tó dá dúró lábẹ́ ẹ̀ bíi ti Land Cruiser, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí kì í fi í gbọn èèyàn lórí títì.

IMx ni bàbá Ariya. October 2017 ni Nissan gbé e síta níbi àfihàn mọ́tò Tokyo, crossover tó ń lo iná pátápátá, kò sí epo níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì iná kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, agbára méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 320 kW, wọ́n sì ní ó máa rìn ju 600 kìlómítà lọ kó tó tún wá iná. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí síwájú, tẹ̀yìn ṣí sẹ́yìn, bí ìgbà téèyàn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí òpó kankan láàárín. Tẹ́ ẹ bá ní kó máa wa ara ẹ̀, sítíárìn á fà wọnú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ní sí níwájú yín mọ́, àga á sì rọ̀ sẹ́yìn kẹ́ ẹ lè gbádùn. Lára àga yẹn, wọ́n fi lésà ya ìlà tó dá bùú sí i, irú èyí tó máa ń wà lára kìmónò, katanagare ni wọ́n ń pè é. Ibí yìí lèmi ti kọ́kọ́ fura pé àwọn tó ń ya ọkọ̀ yìí ò wo Amẹ́ríkà àti Jámánì kọ àwòkọ, ilé bàbá wọn ni wọ́n padà lọ wò.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, October 2019, Tokyo náà, Ariya Concept dé. Ẹ rántí bí ilé Nissan ṣe rí nígbà yẹn o. November 2018 ni wọ́n mú Carlos Ghosn, alága wọn, lórí ẹ̀sùn owó, gbogbo ayé ló gbọ́ sí i. Hiroto Saikawa tó jẹ́ CEO fipò sílẹ̀ ní September 2019, wọ́n ti dárúkọ Makoto Uchida pé òun ló kàn, àmọ́ December ló máa tó jókòó. Àárín rògbòdìyàn yẹn, nígbà tí ilé ò lólórí, ni wọ́n gbé ọkọ̀ yìí dúró lórí pèpéle. (Ọkọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tó ń jẹ́ IMk, òun ló wá di Sakura ní 2022, tí àwọn ará Japan rà gan-an, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tún dọjọ́ mìíràn.)

Ohun tó yà mí lẹ́nu lára Ariya Concept nìyí: kò jọ àlá. IMx ní ilẹ̀kùn tí ò lópó àti sítíárìn tó ń sá pamọ́, ẹnikẹ́ni tó bá mọ mọ́tò mọ̀ pé ìyẹn ò ní dé títì. Ariya Concept ní ilẹ̀kùn bíi ti gbogbo mọ́tò, dígí tó ṣeé wò, àga tó ṣeé jókòó sí. Gígùn ẹ̀ jẹ́ mílímítà 4,600. Nígbà tí èyí tí wọ́n ń tà wá jáde, gígùn tiẹ̀ jẹ́ 4,595. Ẹ gbọ́ ná, mílímítà márùn-ún! Ara ẹ̀ dín díẹ̀ ní fífẹ̀, láti 1,920 sí 1,850, ó fi díẹ̀ ga sí i, ríìmù onínṣì 21 tó gbé wá síbi àfihàn di 19 tàbí 20. Ó parí. Ìyókù, ohun tí wọ́n fi hàn yín náà ni wọ́n tà fún yín, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn oní mọ́tò rárá.

Ẹ wá jẹ́ ká dúró síwájú ẹ̀ dáadáa, ká wo ojú ẹ̀. Mọ́tò elépo gbọ́dọ̀ ní gírílì torí afẹ́fẹ́ ní láti wọlé lọ bá ràdíétọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì á hó, gbogbo wa la ti rí mọ́tò tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń yọ èéfín. Ọkọ̀ oníná ò nílò ihò tó tóbi bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ sì ni wàhálà àwọn ayàwòrán mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá yọ gírílì kúrò, ojú mọ́tò á dà bí ojú ẹni tí ò lẹ́nu. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kàn fi ike pẹlẹbẹ dí i, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn Nissan pe tiwọn ní apata, ìyẹn shield lédè òyìnbó. Lókèèrè, ike dúdú tó ń dán ni. Tẹ́ ẹ bá súnmọ́ ọn, tẹ́ ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, ẹ máa rí i pé nǹkan wà nínú ike yẹn, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó fara ti ara wọn, tó di igun, tó tún di igun mìíràn, ó sì jìn wọlé bí ìgbà téèyàn ń wo ìsàlẹ̀ odò tó mọ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń rìn kọjá níwájú ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń sún lórí àwọn ìlà yẹn.

Kumiko nìyẹn. Iṣẹ́ kafíńtà Japan ni, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á la igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fá a títí tí gbogbo ẹ̀ á fi dọ́gba, wọ́n á gé ojú síbi tí ọ̀kan ti máa wọ inú èkejì, wọ́n á wá rọra tì wọ́n bọnú ara wọn, kò sí ìṣó kankan, igi ló di igi mú. Tí ojú tí wọ́n gé yẹn bá fi bíńtín kéré, kò ní wọlé, tó bá fi bíńtín fẹ̀, gbogbo ẹ̀ á máa mì. Oríṣiríṣi bátànì ló wà, ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jù ni asanoha, àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké ló kóra jọ tí wọ́n dà bí ewé, àwọn ewé yẹn náà tún kóra jọ di ìràwọ̀. Ara ilẹ̀kùn àti òkè ògiri inú ilé ni wọ́n máa ń fi sí, kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lè máa gba àárín ẹ̀ kọjá. Kafíńtà tó mọ kumiko ṣe ò kọ́ ọ lọ́dún kan tàbí méjì.

Mo mọ̀ pé ike ni ti mọ́tò, kì í ṣe igi. Mo mọ̀ pé mọ́ọ̀dù ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, kì í ṣe bàbá àgbà kan tó jókòó ti ayùn. Síbẹ̀ mi ò fojú kékeré wò ó, torí wọn ò kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mọ́tò fún ẹwà lásán. Ẹ̀yìn apata yẹn ni rédà àti àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń wo iwájú fún ọkọ̀ wà, wọ́n sì nílò nǹkan tí ò ní dí wọn lójú, tí ò sì ní jẹ́ kí ará ìta rí wọn. Iṣẹ́ tí kumiko ń ṣe nínú ilé gan-an nìyẹn, ó bo ohun tó wà lẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí nǹkan ráyè gba inú ẹ̀ kọjá. Iná tín-ín-rín méjì wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apata bíi lẹ́tà V, iná ńlá iwájú gan-an sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n tò sínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju mílímítà 20 lọ.

Ẹ wọlé. Nǹkan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣàkíyèsí ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ẹni tó jókòó ti í. Ìdí ni pé bátìrì ló wà nísàlẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ bí ẹní, kò sí páìpù salẹ́ńsà, kò sí jíà tó ga. Wọ́n tún ṣe nǹkan ọlọgbọ́n kan: gbogbo ẹ̀rọ AC tó máa ń wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n kó o lọ síwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ẹ́ńjìnnì iná ò gba àyè níbẹ̀ tó ti elépo. Dáṣíbọ́ọ̀dù wá tín-ín-rín, ẹsẹ̀ wá ráyè nà. Mọ́tò tí gígùn ẹ̀ ò ju ti jíìpù kékeré lọ, inú ẹ̀ dà bíi pálọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní pípa, ẹ ò ní rí bọ́tìnnì kankan lára dáṣíbọ́ọ̀dù, pákó tó rẹwà kan ṣoṣo ló dá bùú látòpin dé òpin. Ẹ tan ọkọ̀, àwọn àmì á yọ jáde látinú pákó yẹn, ibi tí wọ́n ti ń yí AC sókè sódò, ibi tí wọ́n ti ń gbé e síwájú dígí, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, pákó náà á gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ìka yín láti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti gbọ́. Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn nípa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ni pé wọ́n kó gbogbo nǹkan sórí skríìnì kan ṣoṣo tó tóbi bíi tẹlifíṣọ̀n. Ariya ní skríìnì méjì, onínṣì 12.3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìgbì omi, ẹ lè fi ìka gbá máàpù láti ọ̀kan lọ sórí èkejì.

Wàyí o, ẹ wo ìsàlẹ̀, níbi ẹsẹ̀. Láyé tí ò tíì sí iná mànàmáná, fìtílà tí wọ́n ń tàn nínú ilé ní Japan ni andon. Àtùpà á wà láàárín, wọ́n á fi férémù igi yí i ká, wọ́n á wá fi pépà bo férémù yẹn. Iná ò ní gún yín lójú, á kàn máa mọ́ rọra bí ìgbà tí oṣù bá wà lẹ́yìn ìkúukùu. Ohun tí wọ́n gbé wọnú Ariya nìyẹn: wọ́n gé bátànì kumiko sára ibi ẹsẹ̀ àti ara ilẹ̀kùn, wọ́n fi iná sẹ́yìn ẹ̀, tó bá di alẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ́ jáde láàárín àwọn ihò yẹn sórí ilẹ̀ ọkọ̀. Awakọ̀ tiẹ̀ lè má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹnì kan jókòó, ó rò ó, ó ní kí èyí wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń tẹnu mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, ma ni. Àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ jẹ́ géètì ńlá, oòrùn sì wà láàárín géètì yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àlàfo wọlé. Àyè tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láàárín nǹkan méjì ni ma, kì í ṣe pé nǹkan ò sí níbẹ̀, àyè yẹn gan-an ni nǹkan ọ̀hún. Ẹni tó bá ti jókòó ti onídùndún tó mọṣẹ́ á ti mọ ohun tí mò ń sọ, ibi tí ọ̀pá ti dúró lókè kó tó tún balẹ̀, tí gbogbo ara yín ti ń retí ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa mọ ìdí tí dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn fi ṣófo.

Ti ẹ́ńjìnnì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ àyàfi lórí nǹkan méjì mẹ́ta. Bátìrì méjì ló wà, iye iná tẹ́ ẹ lè lò nínú ẹ̀ jẹ́ 63 kWh tàbí 87 kWh. Èyí tó rìn jìnnà jù ní Amẹ́ríkà, ìṣirò ìjọba wọn fún un ní máìlì 304, ìyẹn bíi kìlómítà 489. Èyí tó lágbára jù ní ẹ́ńjìnnì méjì, 290 kW. Inú ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní mágínẹ́ẹ̀tì rárá o, wáyà ni wọ́n wé, iná ló ń sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni pé wọn ò nílò àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì ọ̀wọ́n tó jẹ́ pé ọwọ́ China ló pọ̀ sí jù lọ. Bátìrì ẹ̀ sì ní omi tó ń tù ú lára. Ẹni tó bá mọ ìtàn Leaf, ọkọ̀ oníná Nissan tó ṣáájú Ariya, á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí Leaf tó jáde ní December 2010 kò ní ju afẹ́fẹ́ lọ, níbi tí ooru ti pọ̀ bí Arizona, bátìrì àwọn èèyàn tètè gbó, wọ́n sì pariwo. Ó gba Nissan ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ oníná mìíràn síwájú gbogbo ayé tó ní ohun tó yẹ kó ní.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń darí ẹ́ńjìnnì méjèèjì àti búrẹ́ẹ̀kì pa pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní e-4ORCE, ló wù mí jù. Ẹ ṣe sùúrù kẹ́ ẹ ronú nípa ọkọ̀ nínú gósílóò: ẹ tẹ búrẹ́ẹ̀kì, iwájú ọkọ̀ á tẹrí ba, orí gbogbo èrò á ju síwájú, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lọ, gbogbo orí á padà sẹ́yìn, láàárọ̀ dalẹ́. Ní Ariya ẹlẹ́ńjìnnì méjì, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn náà ń fà á padà bí ti iwájú ṣe ń fà á, ọkọ̀ ò ní tẹrí ba, á kàn jókòó sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Tó bá dé kọ́nà, ó lè fún táyà kọ̀ọ̀kan ní búrẹ́ẹ̀kì tiẹ̀ lọ́tọ̀ kí ọkọ̀ má bàa yọ̀. Láti fi í han aráyé, wọ́n fi ọgbọ́n yìí sínú tiréè kékeré kan tó ń rìn fúnra ẹ̀ lórí káńtà, wọ́n gbé abọ́ rámẹ̀n lé e, nóódù olómi tiwọn tó kún dé ẹnu, ó sáré gbé e lọ bá oníbàárà, ọbẹ̀ ò dà. Fídíò yẹn sọ ju ìwé ogún ojú ewé lọ.

July 15, 2020, àkókò Kòrónà, ni wọ́n ṣí aṣọ lójú Ariya tí wọ́n máa tà ní Yokohama. Àwọ̀ tó gbé wọlé jẹ́ bàbà, akatsuki lorúkọ ẹ̀, ìdájí, ìgbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú, orí ọkọ̀ dúdú. Ọjọ́ yẹn náà ni Nissan yí àmì ilé iṣẹ́ wọn padà, èyí tó wà níwájú Ariya ń tàn, iná LED 20 ló wà nínú ẹ̀, torí pé ogún ọdún ni àmì àtijọ́ ti wà. Wọ́n ní àárín 2021 lọjà máa bẹ̀rẹ̀ ní Japan.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ṣíípù kọ̀ǹpútà wọ́n káàkiri ayé, ilé iṣẹ́ wọn ní Tochigi náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo àwọn róbọ́ọ̀tì tuntun, October 2021 ni wọ́n tó ṣí apá tuntun yẹn. 2022 ni Ariya tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní Japan, ìparí ọdún yẹn ló tó wọ Amẹ́ríkà. Tesla Model Y ti wà lórí títì látọdún 2020, Mustang Mach-E ti dé, Hyundai Ioniq 5 ti dé. Ọkọ̀ tó jẹ́ tuntun pátápátá ní 2019 wá dé ọjà bí ẹni tó pẹ́ dé òde, tí wọ́n ti pín oúnjẹ tán.

Kì í ṣe pé kò lágbára o. Ní March 2023, tọkọtaya kan láti ìlú Scotland, Chris àti Julie Ramsey, gbé Ariya dúró lórí yìnyín lókè àríwá Canada, níbi tí òpin àríwá tí ẹnu kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí wà ní 1823, wọ́n wà á gba Canada, Amẹ́ríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà, títí dé òpin gúúsù pátápátá, December ni wọ́n débẹ̀. Ó ju 30,000 kìlómítà lọ. Táyà onínṣì 39 ni wọ́n fi sí i kó má bàa rì sínú yìnyín, wọ́n gbé ara ẹ̀ sókè, àmọ́ bátìrì àti ẹ́ńjìnnì, bó ṣe jáde ní Tochigi náà ni. Kò sí mọ́tò kankan, elépo tàbí oníná, tó ti rin ìrìn àjò yẹn rí ṣáájú wọn.

Owó ló wá ká Nissan mọ́. Nígbà tí wọ́n ń ta Ariya ní Amẹ́ríkà, iye ẹ̀ súnmọ́ 40,000 dọ́là, ojú ọ̀nà òkun ló sì ń gbà wá, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tò ó níbẹ̀. Torí pé ó ti òkèèrè wá, ẹni tó bá rà á nígbà yẹn ò lè gba ìrànwọ́ 7,500 dọ́là tí ìjọba ń fún àwọn tó ra ọkọ̀ oníná tí wọ́n tò ní Àríwá Amẹ́ríkà, àyàfi tó bá háyà ẹ̀ ọlọ́dún gbọọrọ. Ní April 2025, Amẹ́ríkà fi owó ibodè 25% lé gbogbo mọ́tò tó ń tòkèèrè wá, lórí 2.5% tó ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n dúnàá dúrà, wọ́n sọ ti Japan di 15% ní September, ìparí oṣù yẹn náà ni ìrànwọ́ 7,500 dọ́là yẹn kú pátápátá, tòun ti tàwọn tó ń háyà. Ẹ fi 15% lé ọkọ̀ tí ò fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún mi ibi tí èrè máa kù sí.

Nissan ò sì lówó lápò tó lè fi rọ́jú. Ọdún ìṣúná tó parí ní March 2025, àdánù wọn jẹ́ bílíọ̀nù yen 670.9. Ọ̀rọ̀ kí wọ́n dà pọ̀ mọ́ Honda fọ́ ní February ọdún yẹn. Ivan Espinosa tó gbapò CEO ní April ní àwọn máa dín iṣẹ́ èèyàn 20,000 kù, àwọn máa sọ ilé iṣẹ́ 17 di 10, Oppama tó jẹ́ ilé iṣẹ́ àtayébáyé wọn wà lára èyí tí ò ní to mọ́tò mọ́. Ní November 2025 wọ́n ta olú ilé iṣẹ́ wọn ní Yokohama, bílíọ̀nù yen 97, wọ́n wá di ayálégbé nínú ilé ara wọn. Nínú irú ipò yìí, ọkọ̀ tó lẹ́wà kọ́ ni wọ́n ń wò, èyí tó ń tà ni.

Àwọn ará ilé wa tó ń bèèrè bóyá tòkunbọ̀ ẹ̀ máa dé Èkó: èyí tí wọ́n tà ní Japan ò wúlò fún wa, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ wà, òfin Nàìjíríà ò sì gbà á wọlé. Ti Amẹ́ríkà àti ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ló ní sítíárìn lápá òsì, àmọ́ ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá dúró yìí, iye tó ti wà níbẹ̀ nìkan ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó kọ́kọ́ wá rẹwáyà tó mọ̀ nípa ọkọ̀ oníná, kó tó wá owó.

Japan ń ta Ariya lọ ní tiwọn. Níbi àfihàn Tokyo ti October 2025 wọ́n gbé èyí tí wọ́n tún ṣe síta, wọ́n yí iwájú ẹ̀ padà kó lè jọ Leaf tuntun. Leaf tuntun yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà gbà dípò Ariya. Òun náà ti di crossover báyìí, orí ìpìlẹ̀ kan náà tí wọ́n kọ́ Ariya lé ni wọ́n kọ́ ọ lé, bátìrì ẹ̀ ní omi tó ń tù ú, Tochigi náà ló ti ń wá, owó ibodè kan náà ló ń san, àmọ́ 29,990 dọ́là ni iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí i lára. Mo wo ojú ẹ̀ títí, ojú ẹ̀ ò mú mi tó ti Ariya. Mo wá yí sẹ́yìn ẹ̀. Iná ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ àwọn igi pupa kéékèèké, méjì dúró lóòró, mẹ́ta dùbúlẹ̀, tẹ́ ẹ bá súnmọ́ ọn ó jìn wọlé bíi ti apata yẹn. Lédè Japan, méjì ni "ni", mẹ́ta ni "san".